Odò Tó Ń Bojú Wẹ̀yìn

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí owó orí, nítorí pé àkókò rẹ̀ ti ń bọ̀ àti pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tí mo mú bírò, ọ̀rọ̀ ẹja ló ń jáde. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé owó orí náà wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n odò kan wà ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí, ní ìhà ìlà-oòrùn Chesapeake, tí wọ́n ń pè ní Tuckahoe. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni odò náà ń bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí òkun bá kún, òkun á ti omi Chesapeake, Chesapeake á ti odò Choptank, Choptank náà á sì ti Tuckahoe, títí omi á fi máa gòkè padà lọ síbi tó ti ń bọ̀. Tó bá tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á tún yí padà, á máa sọ̀kalẹ̀ lọ. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Létí odò yìí ni ọmọkùnrin mi, àbígbẹ̀yìn wa, ti kọ́ mi ní nǹkan tí yunifásítì kò kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látilé. Apẹja ni bàbá mi. Abúlé wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà lójú omi. Àwọ̀n ni o, ìgèrè ni o, ìwọ̀ ni o, kò sí èyí tí wọn ò mọ̀ ọ́n lò. Ẹja àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti ẹpìyà ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Ìyá mi á yan ẹja náà, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà, owó ìwé mi nìyẹn. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo bẹ́ sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní mo fẹ́ bá wọn lọ. Bàbá mi gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé àpò gààrí. Wọ́n ní, "Àjẹ̀ kọ́ ni tìrẹ. Bírò ni tìrẹ. Máa lọ sílé ìwé."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Kí n má parọ́, mo gbà á gbọ́ jù. Mo kàwé, mo di oníṣirò owó, mo dé Amẹ́ríkà ní 1998. Nínú ọkàn mi, iṣẹ́ ẹja jẹ́ ìyà tí bàbá mi jẹ kí n má baà jẹ ẹ́. Bàbá mi papòdà ní oṣù kẹta ọdún 2009. Mo lọ sílé, ọjọ́ márùn-ún péré ni mo lò, mo sáré padà, nítorí pé ìwé owó orí àwọn oníbàárà mi ti ga lórí tábìlì. Gbogbo ohun tí bàbá mi mọ̀ nípa omi, wọ́n gbé e lọ. N kò bi wọ́n léèrè ẹyọ kan rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Àbígbẹ̀yìn wa ni wọ́n bí ní 2004. Bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ọmọ-ọmọ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi. Bàbá yìí ló kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ sódò. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ó wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Dádì, àwọn ẹja onílà yẹn ti fẹ́ máa gòkè. Ṣé ẹ máa bá mi lọ lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo dá a lóhùn láìgbójú sókè. Mo ní, "Lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin."

Gbogbo ilé oníṣirò owó ní Amẹ́ríkà ló mọ gbólóhùn yìí. Ọjọ́ náà ni ìwé owó orí gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí náà, láti oṣù kìíní títí di ọjọ́ náà, a kì í rójú, a kì í ráyè. Ìyàwó ń dúró, ọmọ ń dúró, dókítà pàápàá ń dúró. Ohun kan ṣoṣo tí kì í dúró ni ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹja tí ọmọ mi ń sọ ni wọ́n ń pè ní yellow perch. Ara rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ pupa fòò, ó sì ní ilà dúdú mẹ́fà sí mẹ́jọ tó sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí ìhà, bí ẹni kọ pélé. Nígbà òtútù, inú omi jíjìn nísàlẹ̀ odò ló ń gbé. Tó bá di ìparí oṣù kejì, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, á gbéra, á máa gòkè lọ síbi tí odò ti tín-ín-rín láti lọ yé ẹyin. Àwọn akọ ló ń kọ́kọ́ dé, àwọn abo tó tóbi á tẹ̀lé wọn. Kí oṣù kẹrin tó dé ìdajì, wọ́n ti yé ẹyin tán, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ padà. Ẹja onípélé ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí n tó parí tèmi. Ọmọ mi mọ èyí dáadáa. Ó béèrè ní 2014, ó béèrè ní 2015, ó béèrè ní 2016 àti 2017. Èsì kan náà ni mo ń fún un, bàbá àdúgbò yẹn ló sì ń mú un lọ.

Ní 2017, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá náà kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ Georgia. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2018 dé, ọmọ mi kò béèrè mọ́.

N kò mọ̀. Ìyàwó mi ló pe àkíyèsí mi sí i lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Dádì, ṣé ẹ ti rí i pé ọmọ yìí ò béèrè lọ́dún yìí?" Mo ní bóyá ó ti dàgbà jù ú lọ. Ìyàwó mi kàn wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ yàrá rẹ̀ láti wá nǹkan tí mo máa fi so ìwé pọ̀. Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí tábìlì rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ mi kò lè rí ìwé tí wọ́n fa ilà sí kó má kà á. Ọjọ́ wà níbẹ̀, bí omi ṣe gbóná tó wà níbẹ̀, bóyá omi ń wọlé tàbí ó ń jáde, iye ẹja, àti ẹni tí wọ́n jọ lọ. Ìṣirò rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sanwó fún mi lọ. Ṣùgbọ́n lókè ojú ewé ọdún kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: Dádì, lẹ́yìn 15 oṣù kẹrin. 2014, bẹ́ẹ̀. 2015, bẹ́ẹ̀. 2016 àti 2017, bẹ́ẹ̀ náà. Ní ti 2018, ó ti kọ gbogbo ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ àti wákàtí tí omi máa yí padà. Níbi tó yẹ kó kọ ẹni tí wọ́n jọ lọ, kò sí nǹkan kan.

Ará mi, mo ti yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò láìmọye. N kò rí gbèsè tó hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbèsè ọdún mẹ́rin, n kò san kọ́bọ̀.

N kò sọ fún un pé mo rí i. Mo pe oníbàárà méjì, mo ní kí wọ́n má wá ní Sátidé. Nígbà tó di Sátidé kejì oṣù kẹta, mo kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Mo ní, "Dìde, à ń lọ sódò."

Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Odò wo la máa lọ?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tó yá, ó ní, "Tuckahoe. Ní Hillsboro. Omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kó tó di aago mẹ́sàn-án."

A gba ọ̀nà 50, a gun afárá Chesapeake tí wọ́n ṣí ní 1952, tó gùn ju máìlì mẹ́rin lọ, ọkàn mi sì ń já bó ṣe máa ń já níbẹ̀. A yà sí ọ̀nà 404. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti gba ìwé àṣẹ ìpẹja sílẹ̀ nítorí pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní in. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò nílò rẹ̀. Nígbà tí mo fi hàn án, ó kà á tọwọ́ tẹsẹ̀, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ayédèrú ni.

Nígbà tí a dé etí odò, òtútù yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn ènìyàn ti wà níbẹ̀: aláwọ̀ dúdú, òyìnbó, àwọn ará Mẹ́síkò, àwọn bàbá arúgbó láti ilẹ̀ Éṣíà. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ọmọ mi fọwọ́ kan omi, ó ní, "Ó ṣì ń wọlé, Dádì. Ẹ jẹ́ ká so ìwọ̀ wa sílẹ̀."

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó ń mì bí ẹ̀ka igi. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń ká okùn. Okùn tín-ín-rín tí agbára rẹ̀ kò ju páùn mẹ́rin lọ. Àti ìwọ̀ kékeré olórí òjé, tó pupa lápá kan tó funfun lápá kejì. Wọ́n ń pè é ní shad dart. Mo ní ṣé nǹkan tí kò tó èékánná yìí la fẹ́ fi mú ẹja? Ó ní ẹnu ẹja náà ò tóbi, àti pé tí okùn bá nípọn, ẹja á rí i. Ó na èyí tó jẹ́ tèmi sí mi pé kí n so ó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ̀ ọ́n so. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ó tú. Ọmọ mi ń wò mí. Ó ní, "Ṣebí apẹja ni Grandpa?"

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ìtàn ọkọ̀ yẹn fún un, bí bàbá mi ṣe gbé mi sọ̀kalẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ wò ó. Ẹ kì í bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ ọ nígbà márùn-ún, ẹ dá a padà sínú ihò kékeré tó wà níwájú yẹn, ẹ fi itọ́ tù ú, ẹ wá fà á." Mo ṣe é. Ó dúró. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló kọ́ ọmọ apẹja ní bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, mo rí ewé gbígbẹ kan lójú omi. Ó ń gòkè bọ̀, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ọmọ mi ní, "Ó ti yí." Ó ṣàlàyé pé tí omi bá ń jáde, á máa kó edé àti ẹja wẹ́wẹ́ kúrò nínú koríko etí odò, ẹja ńlá á kọjú sí omi, á máa dúró de oúnjẹ. Ó ní kí n sọ ìwọ̀ sókè odò díẹ̀, kí n jẹ́ kó rì, kí n máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ nǹkan kan lórí okùn, pẹ́pẹ́pẹ́, bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn. Mo gbé ọ̀pá sókè, ọ̀pá tẹ̀. Pẹ̀lú okùn bíńtín bẹ́ẹ̀, ẹja kékeré á dà bí màlúù. Ẹ má fi ọ̀pá líle pa ẹja kékeré, ẹ ò ní mọ adùn rẹ̀. Mo pariwo débi pé àwọn bàbá tó wà lódìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Onípélé ni. Ọmọ mi wọ̀n ọ́n: 10 ínǹṣì àti ààbọ̀.

Èkejì tí mo mú tóbi jù ú lọ, ikùn rẹ̀ sì kún bámúbámú. Mo ti ń ronú ata díndín. Ọmọ mi ní, "Dádì, tí ẹ bá lè dá eléyìí padà, á dáa."

Mo ní, "Kí n dá kí ni padà?"

Ó ní, "Òfin ò ní kẹ́ ẹ dá a padà o. Ó ju 9 ínǹṣì lọ, ẹ sì lè mú mẹ́wàá lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ó lóyún. Ẹ wá wo nǹkan." Ó mú mi lọ síbi igi kan tó wó sínú omi. Lára ẹ̀ka rẹ̀ ni nǹkan kan so rọ̀ sí, ó dà bí ríbọ́nù tí wọ́n ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń dán, ó ń jó nínú omi. Ẹyin ni, gbogbo ẹyin ẹja kan ṣoṣo nínú ọ̀já kan. Ó sọ fún mi pé odò Severn tó wà nítòsí Annapolis kún fún ẹja yìí nígbà kan, ṣùgbọ́n ẹja náà dín kù débi pé ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má mú un níbẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2009. Wọ́n ti kọ́ ilé, wọ́n ti da ọ̀dà sórí ilẹ̀ yí odò náà ká, omi òjò tó ń ṣàn láti ojú títì sì ń ba ibi tí ẹja ń yé sí jẹ́.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn tí mo ti gbàgbé fún ogójì ọdún. Bàbá mi náà máa ń dá ẹja padà! Tí wọ́n bá tú ìgèrè, wọ́n á ṣa àwọn ọmọ ẹja, wọ́n á jù wọ́n sómi, wọ́n á sì sọ fún wọn pé, "Lọ pe bàbá rẹ wá." Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi lédè Yorùbá. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo da ẹja ikùn ńlá náà sómi. Ọmọ mi sì tẹ̀ síwájú, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ sọ fún ẹja náà pé, "Lọ pe bàbá rẹ wá."

Nígbà tó di ọ̀sán, a jókòó, a jẹ àkàrà tí ìyàwó mi dì fún wa. Ó sọ nǹkan tí bàbá àdúgbò yẹn sọ fún un nípa ibi tí a jókòó sí. Nítòsí odò Tuckahoe yìí ni wọ́n bí Frederick Douglass ní 1818, nínú oko ẹrú. Ìyá ìyá rẹ̀, Betsey Bailey, ló tọ́ ọ ní kékeré. Nínú ìwé tí Douglass kọ ní 1855, ó sọ pé ìyá àgbà yìí mọ àwọ̀n hun gan-an, débi pé wọ́n ń wá àwọ̀n rẹ̀ láti Denton àti láti Hillsboro níbí, ó sì mọ ẹja mú, ó lè wà nínú omi fún ìdajì ọjọ́. Mo wo omi yẹn. Mo ti ń gbé Maryland fún ogún ọdún, ọmọ tí n kò ráyè fún ló ń sọ ọ́ fún mi. Mo ti rò pé iṣẹ́ ẹja jẹ́ ìtìjú tí a sá fún nílé. Obìnrin dúdú kan tí wọ́n sọ di ẹrú gba orúkọ níbi iṣẹ́ náà létí odò yìí.

Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Mo rí ìwé rẹ. Mo rí ohun tó o kọ nípa mi."

Kò wò mí. Ó ní, "Kò burú, Dádì. Mi ò bínú. Mo kàn ti mọ̀ pé ẹ ò ní wá ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ. Ọmọ tó ń bínú ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Mo ní, "Máa bínú. Mo jẹ ọ́ ní ọdún mẹ́rin." Kò fèsì. Ó gé àkàrà rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì, bẹ́ẹ̀ sì ni tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, a lọ síbi tí koríko omi pọ̀ sí, ní ẹ̀gbẹ́ igi mìíràn tó wó. Ó ní ibẹ̀ ni ẹja kejì ń lúgọ, chain pickerel, torí pé ara rẹ̀ ní àmì bí ẹ̀wọ̀n. Mo ní, "Ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn." Mo ní láti túmọ̀ àwàdà náà kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹja náà gùn tẹẹrẹ, ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ọ̀nì, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Kì í lé oúnjẹ kiri. Á dúró jẹ́ẹ́ bí igi, á wá fò mọ́ ọn lójijì. Kò sì bẹ̀rù òtútù. Ìwọ̀ mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, omi bú gbàmù, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ mi ń kígbe pé, "Ẹ rọra! Ẹ má fà á! Ẹ jẹ́ kó lọ!" Mo jẹ́ kó lọ, mo ká a bọ̀, mo jẹ́ kó lọ. Ó dé etí bèbè, mo rí ojú rẹ̀, ó rí tèmi. Ó gbọn orí lẹ́ẹ̀kan, eyín gé okùn, ó ti lọ. Mo fi èdè abúlé wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kò ní jẹ́ kí n tẹ̀ síbí.

Ọmọ mi ní, "Pẹ̀lẹ́, Dádì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó sì gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

A kó ẹja mẹ́fà délé. Ìyàwó mi fi iyọ̀ àti ata pa á lára, wọ́n dín in. Ẹran rẹ̀ funfun, ó sì dùn. Àmọ́ nígbà tí mo pe ìyá mi lórí fóònù láti ròyìn, wọ́n ní, "Ṣé torí kó o lè lọ máa pẹja ni bàbá ẹ ṣe rán ẹ níwèé?" Mo ní, "Màmá, ọmọ mi ló ń kọ́ mi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìwọ àti bàbá ẹ kò jọ lọ rí, àbí?" Mo ní, "Rárá, Màmá." Wọ́n ní, "Ó máa ń dùn wọ́n. Wọn ò kàn fẹ́ kí omi gbà ọ́ lọ́wọ́ ìwé ni."

Láti ọdún yẹn, mo ń fi Sátidé kan, nígbà mìíràn méjì, sílẹ̀ láàrin àkókò owó orí. N kò ní purọ́ fún yín pé kò ná mi ní nǹkan kan. Oníbàárà méjì bínú, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ mi náà kò yí padà lọ́jọ́ kan; ọdún kejì ni ó tó tún béèrè fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó bá wù láti gbìyànjú, ẹ gbọ́ díẹ̀. Owó ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tó owó bàtà tí àwọn ọmọ yìí ń bèèrè. Ẹ gba ìwé àṣẹ. Ẹ ka òfin ọdún náà kẹ́ ẹ tó lọ, torí pé òfin máa ń yí padà, àti pé ìgbà kan wà ní ìgbà ìrúwé tí wọn kì í gbà kí èèyàn mú ẹlẹ́wọ̀n nínú omi Maryland. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó fún àwọn ọmọdé. Omi oṣù kẹta ń pani. Ẹ wo ìmọ̀ràn tí ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ jáde lórí iye ìgbà tó yẹ kí a jẹ ẹja odò kọ̀ọ̀kan, pàápàá fún aboyún àti ọmọdé, nítorí oògùn ilé iṣẹ́ tó ti wọ inú àwọn odò kan. Bí ẹ kò bá lè lọ nígbà onípélé, ẹ má sọ̀rètí nù. White perch, ẹja funfun tó jẹ́ ìbátan ẹja ńlá Chesapeake, ń gòkè ní oṣù kẹrin, ó sì pọ̀ yanturu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ má dákẹ́. Tí òbí yín bá ní "tó bá yá", ẹ tún béèrè.

A máa ń sọ pé tútù la ti ń ká ẹja, tó bá gbẹ tán, kíkán ló ń kán. Àwọn ọmọ la máa ń fi òwe yẹn bá wí. Ní tèmi, èmi gan-an ni ẹja tó ti gbẹ. Ọlọ́run ló yọ mí tí n kò fi kán.

Ọmọ mi wọ yunifásítì ní 2022, ó jìnnà sílé. Ní ìparí oṣù kejì, nígbà tí ìwé àwọn oníbàárà ga níwájú mi, fóònù mi dún. Ó bi mí bí omi ṣe rí. Mo ní mo lọ wò ó, ó ti lé ní 45 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, àti pé omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Ó ní òun máa wọ ọkọ̀ wálé lálẹ́ Fúráìdé. Mo ní ṣé kò ní ìwé kà ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn, ó já gaara: "Ẹja ló rán mi níṣẹ́, Dádì. Wọ́n ní kí n wá pe bàbá mi wá."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa owó orí, kó pè mí. Ṣùgbọ́n kó má pè mí ní Sátidé yẹn.